Lẹ́ńsì àtọwọ́dá tó yẹ̀ kúrò nípò: ọ̀nà wo ló dára jù láti so ó mọ́ ojú padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìyá mi, ẹni ọdún 71, ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì ní ọdún 12 sẹ́yìn, wọ́n sì fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá sí wọn lójú. Ojú náà ríran dáadáa títí di oṣù tó kọjá, tí ohun gbogbo ṣàdédé di bàìbàì. Wọ́n ní lẹ́ńsì náà ti já wálẹ̀ pẹ̀lú àpò tó wà nínú rẹ̀, àti pé ìyẹ̀fun funfun kan tó wà nínú ojú wọn ló fà á. Dókítà àkọ́kọ́ ní òun yóò fi òwú rán lẹ́ńsì mọ́ funfun ojú. Èkejì ní ayé ti kọjá òwú, abẹ́rẹ́ méjì àti iná ni òun ń lò. Ẹ̀kẹta ní òun yóò gbé e kọ́ ara áírísì. Èwo ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé kò sì ní tún já?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ bá mi kí màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé lẹ́ńsì tó yẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ojú ti fọ́; ọ̀pọ̀ ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló ń ríran padà, bí ìyókù ojú bá ṣì gbádùn. Kí n tó wọ inú àlàyé, ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn síwájú: kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìwádìí ti fi hàn pé ó borí àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, American Academy of Ophthalmology, ṣe àyẹ̀wò àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2003, wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2020, ibi kan náà ni wọ́n sì parí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rò pé ohun kan náà ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí pé èyí tí ẹ bá sáà ti mú ti tó. Ipò tí ojú màmá wà lónìí ni yóò sọ èyí tó yẹ, ọwọ́ dókítà tó ti mọ ọ̀nà náà dunjú ni yóò sì mú un yọrí. Ìdí nìyẹn tí dókítà mẹ́ta fi lè sọ ohun mẹ́ta láìsí pé ọ̀kan nínú wọn ń tàn yín.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó já ná. Lẹ́ńsì tí Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn wà nínú àpò kan tó mọ́ gaara, tó sì fẹ́lẹ́ gan-an. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún okùn tín-ín-tín ló so àpò náà rọ̀ yíká mọ́ iṣan tó wà lẹ́yìn áírísì, ìyẹn òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká. Nígbà iṣẹ́ abẹ kátáráàtì, dókítà máa ń ṣí iwájú àpò yìí, á fa lẹ́ńsì tó ti ṣókùnkùn jáde, á sì ti lẹ́ńsì àtọwọ́dá sínú rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó mú lẹ́ńsì tuntun náà dúró ju pé apá rẹ̀ méjèèjì na mọ́ ògiri àpò láti inú. Níwọ̀n ìgbà tí okùn bá mú àpò, àpò yóò mú lẹ́ńsì. Bí okùn bá já, gbogbo rẹ̀ ló máa jùmọ̀ lọ. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n rí jẹ́ èròjà kan tí ara àwọn kan máa ń ṣe sínú ojú bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè. Ó máa ń kó jọ sára okùn wọ̀nyí, á sì máa sọ wọ́n di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi já lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí iṣẹ́ abẹ ti parí. Nítorí náà, iṣẹ́ abẹ ọdún 12 sẹ́yìn kò bàjẹ́, màmá kò sì ṣe ohun tó fà á. Nínú ojú àwọn ẹlòmíràn, ohun tó gbá ojú, ojú tó gùn ju bó ṣe yẹ tí kì í ríran jìnnà, iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà tàbí àìsàn àbínibí bíi ti Marfan ló máa ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyẹ̀fun yìí tún ní iṣẹ́ kejì tí n kò fẹ́ kí ẹ fojú fò. Ó máa ń dí ojú ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde, ìfúnpá inú ojú á ga, gùlókómà, àìsàn tó máa ń ba iṣan ìríran jẹ́, á sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú méjèèjì, kí wọ́n sì yẹ iṣan ìríran tó wà lẹ́yìn ojú wò dáadáa. Ojú kejì tí kò dun màmá rárá náà gbọ́dọ̀ wà nínú àyẹ̀wò yìí. Àbájáde rẹ̀ wà lára ohun tí yóò pinnu ọ̀nà tí wọn yóò fi so lẹ́ńsì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ṣàlàyé níwájú.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi kúkú yọ lẹ́ńsì kúrò, kí a fún màmá ní awò. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ojú tí kò ní lẹ́ńsì nínú rárá máa ń nílò awò tó nípọn tó bíi +10 sí +12, awò bẹ́ẹ̀ sì máa ń sọ ohun gbogbo di ńlá ní bíi ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ojú kejì bá ṣì ń ríran bó ṣe yẹ, ọpọlọ kò ní lè pa àwòrán ńlá àti àwòrán kékeré pọ̀ di ọ̀kan. Lẹ́ńsì tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú ojú lè wo ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ìka rẹ̀ ti le kò lè máa fi í sí kó sì máa yọ ọ́ lójoojúmọ́. Ìdí rèé tí iṣẹ́ abẹ fi máa ń jẹ́ àbá tó dára jù fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí lẹ́ńsì yóò jókòó sí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Harold Ridley fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá àkọ́kọ́ sójú ènìyàn ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, lẹ́ńsì náà wúwo, àwọn kan lára irú rẹ̀ sì yẹ̀ kúrò nípò lẹ́yìn náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń wá ibi tó lè gbé lẹ́ńsì dúró láìpa ojú lára. Bí àpò kò bá sí mọ́, ibi mẹ́ta péré ló kù: igun yàrá iwájú ojú, áírísì, àti funfun ojú.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ ìsolẹ́ńsì, iṣẹ́ kan wà tí gbogbo dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, mo sì ka iṣẹ́ yìí sí pàtàkì ju irú kókó tí wọn yóò ta lọ. Inú ojú kún fún oje kan tó ki bíi jẹ́lì, oje náà sì lẹ̀ mọ́ rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tí ń gba àwòrán. Bí dókítà bá fi ohun èlò mú lẹ́ńsì tó já, tó sì fà á nígbà tí oje yìí ṣì rọ̀ mọ́ ọn, oje ni yóò fa rẹ́tínà, rẹ́tínà sì lè ya. Nítorí náà, wọ́n ní láti gé oje náà kúrò yíká lẹ́ńsì pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sókè. Bí lẹ́ńsì bá ti rì dé orí rẹ́tínà, oníṣẹ́ abẹ rẹ́tínà ló yẹ kó ṣe apá yìí, tàbí kó wà níbẹ̀. Bí dókítà kan bá ṣàlàyé ìsolẹ́ńsì fún yín lọ títí láìmẹ́nu ba oje yìí, ẹ bi í léèrè.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wo irú lẹ́ńsì tó wà nílẹ̀. Lẹ́ńsì kan wà tí àárín rẹ̀ àti apá rẹ̀ jẹ́ èròjà kan náà, tí apá náà nípọn, tó sì rọ̀. Òmíràn wà tí apá rẹ̀ jẹ́ òwú líle tín-ín-tín méjì tí wọ́n fi sí i lára. Bí ti màmá bá jẹ́ irú kejì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lè bọ́ àpò kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì lo òun kan náà padà, èyí tí yóò dín fífi ọ̀bẹ la ojú kù. Bí ó bá jẹ́ irú àkọ́kọ́, yíyọ ló sábà máa ń yẹ ẹ́. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kàn gbé irú àkọ́kọ́ yìí sínú kòtò tóóró tó wà lẹ́yìn áírísì, nítorí pé etí rẹ̀ tó nípọn á máa ha áírísì, àwọ̀ rẹ̀ á máa hó sínú omi ojú, ẹ̀jẹ̀ lè máa sun, ìfúnpá á sì gòkè. Fún ojú tó ti ní ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀, ewu ńlá nìyẹn. Bí ẹ bá ṣì ní káàdì tí wọ́n fún màmá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, tí orúkọ lẹ́ńsì wà lára rẹ̀, ẹ mú un dání lọ. Ọ̀nà kan tún wà fún lẹ́ńsì tó yẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì rì: dókítà lè fi òwú kọ́ apá rẹ̀ láti inú àpò, kó sì rán gbogbo rẹ̀ mọ́ funfun ojú láìyọ ohunkóhun jáde.

Ó kan ọ̀nà dókítà àkọ́kọ́ wàyí, èyí tó lo òwú. Fún ọdún púpọ̀, òwú pọlipírópílíìnì tí wọ́n ń pè ní 10-0, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ni gbogbo ayé ń lò láti rán lẹ́ńsì mọ́ funfun ojú. Iṣẹ́ náà máa ń dára níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òwú yìí máa ń gbó nínú ojú, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó lè já lẹ́yìn bíi ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ńsì á sì tún wó. Bí dókítà àkọ́kọ́ bá ní 10-0 ni òun yóò lò, èmi kì í bá gbà fún un. Òwú 9-0 nípọn díẹ̀ sí i. Èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà wá yàn báyìí ni Gore-Tex, tó lágbára tó sì rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún. Ó yẹ kí dókítà sọ èyí fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n máa ń lò ó pẹ̀lú lẹ́ńsì tó ní ihò létí, ibi mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń so, nítorí èyí lẹ́ńsì náà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í sì í ṣábà dagun. Àbùkù kan wà tí àwọn aláìsàn kì í gbọ́: díẹ̀ nínú àwọn lẹ́ńsì oníhò yìí jẹ́ èròjà tí ń fa omi mọ́ra, irú wọn sì lè di funfun bí afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì bá kàn wọ́n nínú ojú. Bí màmá bá tún nílò iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà tàbí ti kọ́níà, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ojú, lọ́jọ́ iwájú, afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀. Ẹ béèrè irú èròjà tí lẹ́ńsì náà jẹ́.

Ọ̀nà dókítà kejì ni àwọn aláìsàn ń béèrè nípa rẹ̀ jù lákòókò yìí. Gabor Scharioth ló kọ́kọ́ tẹ ìwé jáde ní ọdún 2007 lórí bí a ṣe lè ti apá lẹ́ńsì bọ inú ihò tóóró nínú funfun ojú láìrán an. Amar Agarwal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Íńdíà fi àtè ìṣègùn kún un láìpẹ́ sígbà náà. Ní ọdún 2017, Shin Yamane ní Japan gbé ọ̀nà abẹ́rẹ́ méjì àti iná jáde, ó sì dájú pé òun ni dókítà yín ń sọ. Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Dókítà á fi àmì sí ibi méjì lórí funfun ojú, mìlímítà 2 sí etí kọ́níà, kí ibi méjèèjì sì kọjú síra wọn gẹ́lẹ́. Á mú abẹ́rẹ́ tín-ín-tín oní nọ́ńbà 30, tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ihò inú rẹ̀ fi lè gba apá lẹ́ńsì. Abẹ́rẹ́ náà kì í wọlé tààrà. Ó máa ń kọ́kọ́ rìn ní ìdagẹ̀rẹ̀ nínú ara funfun ojú kí ẹnu rẹ̀ tó yọ sínú ojú. Nínú ojú níbẹ̀, lábẹ́ maikirosíkóòpù, dókítà á ti ṣóńṣó apá kìn-ín-ní bọ ẹnu abẹ́rẹ́ kìn-ín-ní, á ti ti èkejì bọ abẹ́rẹ́ kejì, á sì fa abẹ́rẹ́ méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí apá lẹ́ńsì lè tẹ̀lé wọn bọ́ síta. Nígbà náà ni yóò sún iná kékeré mọ́ ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan. Ṣóńṣó náà á yọ́, á sì wú bí orí ìṣó, ní nǹkan bíi mìlímítà 0.3 ní ìbú. Á wá tì í padà títí yóò fi rì sínú ara funfun ojú, kó má bàa lè fà wọlé tàbí kó yọ síta mọ́.

Nínú ojú 100 tí Yamane fi ìròyìn rẹ̀ síta, kò sí èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ já, ṣùgbọ́n nínú 8 lára wọn, áírísì há mọ́ etí lẹ́ńsì. Ohun tó mú ọ̀nà yìí wù mí ni pé kò nílò kí a la awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú. Ohun tó sì mú kí n máa ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀ ni pé kò fàyè gba àìbáradọ́gba rárá: bí ihò kan bá gùn ju èkejì lọ, tàbí tí ibi méjèèjì kò bá kọjú síra wọn dáadáa, lẹ́ńsì á dagun, màmá á sì máa rí òjìji tí awò kò lè tún ṣe. Apá lẹ́ńsì lè kán lásìkò tí wọ́n ń tì í bọ abẹ́rẹ́. Bí kókó náà kò bá rì dáadáa, ó lè gún awọ yọ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, kòkòrò àrùn á sì rí ọ̀nà wọnú ojú. Ó rọrùn lójú fídíò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Kò sì tọ́ kí dókítà kejì sọ pé ayé ti kọjá òwú. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ṣì ń lo Gore-Tex títí di òní.

Ọ̀nà kẹta, ti áírísì, ni ó yá jù. Jan Worst, dókítà ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló ṣe lẹ́ńsì kan tí etí rẹ̀ méjèèjì là gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mú, tí ń fi í já áírísì mú. Lóde òní, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń so ó mọ́ ẹ̀yìn áírísì kí ó má bàa súnmọ́ kọ́níà. Wọn kì í fọwọ́ kan funfun ojú púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì yìí le, kò ṣeé ká, nítorí náà ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń ju mìlímítà 5 lọ, ó sì ń fẹ́ rírán, èyí tó lè fa kí ojú tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí yóò fi nílò awò. Áírísì fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ nípọn tó láti mú un. Nínú ojú oníyẹ̀fun, áírísì lè ti ṣá tàbí kó ti tín-ín-rín, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ kó tó ṣèlérí.

Ní ti igun yàrá iwájú tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún yín, lẹ́ńsì àtijọ́ tí apá rẹ̀ pa kiri bí òrùka ba kọ́níà ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ó sì bá orúkọ ọ̀nà náà jẹ́. Irú tí apá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣì ń lò ó. Fún ojú tí gùlókómà ń lépa, n kò ní yàn án.

Ẹ ti fẹ́ kí n mú ọ̀kan. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé iṣan ìríran màmá ti ń jẹ́ níyà lọ́wọ́ ìfúnpá, tó fi lè ṣeé ṣe kí wọ́n nílò iṣẹ́ abẹ gùlókómà lọ́jọ́ iwájú, màá fara mọ́ ọ̀nà abẹ́rẹ́ méjì, nítorí pé iṣẹ́ abẹ gùlókómà nílò awọ ojú tí wọn kò tíì là tí kò sì ní àpá. Bí ìfúnpá bá wà déédéé, tí dókítà àkọ́kọ́ sì ń lo Gore-Tex sí ibi mẹ́rin, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn náà. Bí màmá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí wọn kò lè dùbúlẹ̀ pẹ́, tí áírísì wọn sì nípọn, ọ̀nà kẹta ló máa dá wọn lára jù, nítorí ó kúrú, ewu ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì kéré. Kí wọ́n má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró fúnra wọn o. Dókítà tó kọ ọ́ fún wọn àti ti ojú ni yóò jọ pinnu rẹ̀.

Ṣé kò ní tún já? Okùn tí ìyẹ̀fun jẹ kò sí nínú iṣẹ́ mọ́, nítorí pé funfun ojú tàbí áírísì ni yóò gbé lẹ́ńsì báyìí, ìyẹ̀fun kì í sì í jẹ funfun ojú. Síbẹ̀, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún láéláé: òwú lè já, apá lè yọ, ẹ̀mú lè tú bí nǹkan bá gbá ojú. Kí màmá má ṣe máa nu ojú náà tagbára-tagbára, kódà lẹ́yìn ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú lè rọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè dà sínú rẹ̀, ìríran á sì máa padà díẹ̀díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì nílò awò, torí pé ibi tí lẹ́ńsì tuntun jókòó sí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ṣírò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i tí iná ń bù yẹ̀rì-yẹ̀rì, tí àwọn dúdú tuntun ń léfòó, tí òjìji bí aṣọ ìkélé ń bo ẹ̀gbẹ́ kan, tí ojú bá pọ́n tó sì ń ro, tàbí tí wọ́n ń rò pé nǹkan ń gún awọ lápá kan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé.

Ẹ kò nílò láti sáré ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́la bí rẹ́tínà bá wà ní ipò tí ìfúnpá kò sì ga, ṣùgbọ́n kí ó má pẹ́ títí. Nígbà tí ẹ bá jókòó ti dókítà tí ẹ fẹ́ yàn, ẹ bi í ní ohun méjì tí ó kan màmá tààrà: báwo ni ó ti ń ṣe ọ̀nà yìí déédéé tó, kí ni ó sì máa ṣe bí lẹ́ńsì tàbí áírísì bá yàtọ̀ sí ohun tó retí nígbà tó bá ti ṣí ojú náà? Bí ó bá fún yín ní ìdáhùn tó ṣe kedere, ẹ lè fọwọ́ sí ìwé. Bí gbogbo ohun tó ní láti sọ bá jẹ́ pé ọ̀nà tòun ló jẹ́ tuntun jù, ẹ kọ́kọ́ lọ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn.